Accra Ń Tún Ilé Kíkọ́ Kọ́

Bí èèyàn bá dé ìgbèríko ìhà gúúsù Gánà, tó bá àwọn tó ń fi amọ̀ mọ ilé, tó sì bi wọ́n pé irú ilé wo nìyí, "atakpame" ni wọ́n máa dá a lóhùn. Orúkọ amọ̀ kọ́, orúkọ ìlú ni. Atakpamé wà ní ilẹ̀ Tógò, àwọn Ifẹ̀ tí àwọn míì ń pè ní Ànà sì ti wà níbẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ọmọ Oòduà ni wọ́n. Yorùbá tó bá tẹ́tí sí èdè wọn dáadáa yóò gbọ́ èdè ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti ọ̀nà ibẹ̀ wá ni wọ́n gbà pé ó mú ọgbọ́n ìmọlé náà dé Gánà. Bí orúkọ ìlú ṣe di orúkọ ògiri nìyẹn.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń mọ ilé ní abúlé Yorùbá láyé àtijọ́. Wọ́n á wa ilẹ̀ pupa, wọ́n á bomi sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ gún un títí yóò fi lẹ̀ mọ́ra wọn. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó gbó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa ṣù ú: ẹni tó wà nílẹ̀ á ju ìṣù sókè, ẹni tó wà lórí ògiri á hán an, á là á mọ́ àyè rẹ̀, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a títí yóò fi jókòó. Bí ipele kan bá ga tó orúnkún, wọ́n á dáwọ́ dúró kí oòrùn lè sá a, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri tó ń jáde níbẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé rẹ̀. Oòrùn á pa á láti òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ooru kì í tètè la irú ògiri bẹ́ẹ̀ já. Nígbà tó bá fi máa yọ sínú yàrá, ilẹ̀ ti ṣú, afẹ́fẹ́ alẹ́ ti ń fẹ́, onílé sì ti ṣí fèrèsé sílẹ̀ dè é.

Ìmọ̀ yìí ni àwọn kan ń wá padà ní Accra lónìí. Kò sẹ́ni tó ní kí gbogbo ìlú padà sínú ilé alámọ̀. Ọgbọ́n tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wá: kí ilé mọ ibi tí oòrùn ń gbà yọ sí i, kó mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kó sì fi ọ̀nà omi sílẹ̀ fún omi. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.4 èèyàn ló ń gbé ní ẹkùn Greater Accra. Ooru ń mú wọn ní oṣù kejì àti ìkẹta, àgbàrá sì ń lé wọn jáde nílé nínú oṣù kẹfà. Ìyà méjèèjì yìí, orísun kan náà ni wọ́n ní.

Ohun tó sì ya àjèjì lẹ́nu ni pé Accra kì í ṣe ìlú olójò púpọ̀. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò fi bẹ́ẹ̀ ju 800 mìlímítà lọ. Ti Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ọdún mìíràn sì wà tó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀, koríko àti igi kúkúrú ló hù sí i. Ìlú náà sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé débi pé oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà lókè orí èèyàn gan-an. Nítorí náà, òrùlé àti ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló ń jìyà jù, torí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń rẹlẹ̀ débi tó fi lè na ògiri. Atẹ́gùn ní tirẹ̀ ń ti orí òkun fẹ́ wá, láti ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ìgbà ọyẹ́ ló sábà máa ń yí padà. Ayàwòrán ilé tó bá di nǹkan méjì yìí mú ti ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Yóò yàwòrán ilé gígùn tí ìbú rẹ̀ kéré, tó gbórí sí ìlà-oòrùn, tó na ẹsẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, tó wá ṣí àyà sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ òkun.

Àwọn àgbà ti mọ púpọ̀ nínú èyí kí ayàwòrán kankan tó dé. Ní Ga Mashie, níbi tí ìlú Accra ti bẹ̀rẹ̀ létí òkun, yàrá ni wọ́n ń kọ́ yí àgbàlá ká, bí agbo ilé tiwa gẹ́lẹ́. Ìdáná ń lọ ní àgbàlá, àwọn ọmọ ń ṣeré níbẹ̀, ooru tó bá jáde láti inú yàrá sì ń rí ọ̀nà bá lọ sókè. Nígbà tí àwọn ẹrú tó gba òmìnira ti Brazil dé ní ọdún 1836, àwọn tí wọ́n ń pè ní Tabom títí dòní, àwọn Ga gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá, kànga gbígbẹ́ sì wà lára ohun tí a fi mọ̀ wọ́n. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n àti àwọn Àgùdà Èkó. Ilé wọn, Brazil House, ṣì wà ní Jamestown lónìí.

Kí ló wá bá ilé alámọ̀ jà? Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì tìtì ní Accra. Ọ̀pọ̀ ilé wó, ilé alámọ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn èèyàn kú, ìjọba àmúnisìn sì kọ́ àdúgbò tuntun fún àwọn tí kò nílé mọ́, títí kan ti Kaneshie àti Korle Gonno. Sìmẹ́ńtì di ilé olówó, amọ̀ di ilé tálákà. Èrò yìí ṣì wà lọ́kàn àwọn èèyàn, òun sì ni ìdènà tó le jù fún ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ pupa kọ́lé nígboro. Ọmọ tó bá lọ ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó kò ní í fẹ́ kí wọ́n rí i pé amọ̀ ló fi kọ́lé fún ìyá rẹ̀. Kò sì yẹ ká bá a wí jù, nítorí pé ogún ọdún tó fi ń kówó jọ, ilé náà ló fẹ́ fi hàn.

Láàárín àwọn ọdún 1940 ni tọkọtaya ayàwòrán ilé kan, Maxwell Fry àti Jane Drew, dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri Gold Coast, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe Gánà nígbà náà, àwọn ló sì yàwòrán Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti dúró níwájú ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Ìbàdàn ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń wá: ara ògiri kún fún ihò aláràbarà, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé láìjẹ́ pé oòrùn tẹ̀ lé e, kí atẹ́gùn sì lè gba àárín pẹpẹ ìwé kọjá. Ní 1956, wọ́n kó ohun tí wọ́n kọ́ jọ sínú ìwé kan tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní Tropical Architecture in the Humid Zone. Ohun tí ìwé náà ń wí kò le láti lóye. Kí yàrá má ṣe to lẹ́yìn ara wọn, kí fèrèsé wà lápá méjèèjì, kí òrùlé yọ síta kó ṣíji bo ògiri, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba oòrùn sára dípò yàrá.

Ọlọgbọ́n ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ kò rí iyì tó gbà lọ́wọ́ wọn. Àfihàn tí ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2024, lórí Gánà àti Íńdíà, kò fi èyí bò: abẹ́ ìjọba àmúnisìn ni ọ̀nà ìkọ́lé yìí ti dàgbà, kí àwọn orílẹ̀-èdè tó gba òmìnira tó sọ ọ́ di tiwọn.

Ọmọ Yorùbá kan sì wà nínú ìtàn náà tó yẹ kí àwọn èèyàn rẹ̀ mọ̀. Adédòkun Adéyẹmí ń kọ́ iṣẹ́ ìyàwòrán ilé ní Manchester. Ilé tí kò ní í jẹ́ kí òtútù wọlé ni wọ́n ń kọ́ ọ láti yà. Ilé tí yóò lé ooru jáde sì ni àwọn èèyàn rẹ̀ nílò. Kò pa á mọ́ra. Akitiyan rẹ̀ wà lára ohun tó bí ìpàdé ńlá kan lórí ilé kíkọ́ nílẹ̀ olóoru, èyí tó wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1953. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé-ẹ̀kọ́ Architectural Association dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà.

Accra wá di ibi tí wọ́n ti ń dán an wò. Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1957, nígbà tí òmìnira ku ọ̀la, wọ́n ṣí ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gánà, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Fry, Drew, Drake àti Lasdun, tí òrùlé rírogodo alumíníọ́ọ̀mù dé orí rẹ̀ bí igbá. Kò pẹ́ sí i tí Harry Weese, ará Amẹ́ríkà, kọ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ààfin ọba ìlú Wa, tí wọ́n fi amọ̀ mọ ní àríwá Gánà, ló wò kó tó yàwòrán rẹ̀. Ó gbé gbogbo ilé náà sórí òpó, ó fi àgbàlá sáàárín, ó sì fi pákó pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ṣe ojú ilé kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá. Abẹ́ ilé di ibòji. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti kó kúrò níbẹ̀, ìjọba Gánà ló ń lò ó.

Lásìkò Kwame Nkrumah, olórí àkọ́kọ́ ní Gánà lẹ́yìn òmìnira, náà ni Victor Adégbìtẹ́ jẹ́ olórí àwọn ayàwòrán ní àjọ ìkọ́lé ìjọba, Ghana National Construction Corporation. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà kó tó padà sílé. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ Pólàǹdì méjì, Jacek Chyrosz àti Stanisław Rymaszewski, ti ṣiṣẹ́ lórí pápá ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní ẹ̀bá òkun ìlú náà, tí wọ́n ṣí ní 1967. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìyẹn: òyìnbó ló ń gba àṣẹ, ọmọ Áfíríkà ló ń pa á, lọ́dún mélòó kan péré lẹ́yìn òmìnira.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ amúlétutù sọ gbogbo ọgbọ́n yìí di ohun tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún mọ́. Bí owó iná bá wà, kí ni onílé ń fẹ́ kí atẹ́gùn wá ṣe fún un? Wọ́n dí ihò ara ògiri. Wọ́n yọ fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n fi gíláàsì gbọọrọ tó ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ nìkan ló lè ṣí lẹ́ẹ̀kan. Ilé ọ́fíìsì wá ń yọ lójú títì pẹ̀lú gíláàsì láti ìsàlẹ̀ dókè. Gíláàsì ń jẹ́ kí oòrùn wọlé, kì í sì í jẹ́ kí ooru rẹ̀ tètè jáde. Ọkọ̀ tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa sínú oòrùn ń fi èyí han ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ amúlétutù á wá máa fa ooru inú ilé sọ sí ìta, sórí ẹni tó ń ta ọjà níwájú ilé náà.

Dumsor ló la ojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ Twi ni, ó túmọ̀ sí iná lọ, iná dé. Láti bí ọdún 2012 títí di 2015, iná kò dúró ní Gánà, àwọn ará Accra sì mọ ilé tó ṣeé gbé láìsí iná yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣeé gbé. Ilé onígíláàsì di ààrò. Ilé àgbà tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti fèrèsé lápá méjì kò yí padà.

Joe Osae-Addo ti rí i ṣáájú. Ayàwòrán ilé ọmọ Gánà ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kó tó padà sílé. Ilé tó kọ́ fún ara rẹ̀ ní Accra ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, búlọ́ọ̀kù amọ̀ àti pákó ló fi kọ́ ọ. Kò gbé e lé ilẹ̀. Ó gbé e sókè díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Ojú ilé náà jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣeé fà síwá sẹ́yìn, bí oòrùn bá ṣe ń rìn ni onílé ṣe ń fà á. Ìrísí rẹ̀ kò jọ ti tálákà rárá. Ohun tí ilé náà fi hàn nìyẹn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀: ẹni tó lè kọ́ irú ilé tó bá wù ú ló fọwọ́ ara rẹ̀ yan amọ̀.

Àwọn ilé ńláńlá náà tẹ̀ lé e, ní ọ̀nà tiwọn. One Airport Square, tí ilé-iṣẹ́ Mario Cucinella láti Ítálì yàwòrán rẹ̀, parí ní 2015. Kọnkéré tó dábùú ara wọn ló gbé e ró láti ìta, ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan sì yọ síta kọjá gíláàsì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣíji bò ó, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ bo iwájú orí nínú oòrùn. Òun ni ilé ọ́fíìsì àkọ́kọ́ ní Gánà tó gba ìwé-ẹ̀rí Green Star, èyí tí wọ́n ń fi dá ilé tó rọ àyíká lọ́rùn mọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ilé ìwòsàn Ridge, tí wọ́n tún kọ́ láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Perkins+Will tí wọ́n sì ṣí ní 2017, gba ìwé-ẹ̀rí LEED ní tirẹ̀. Àgbàlá ni wọ́n fi sí àárín àwọn ẹ̀ka rẹ̀, kí aláìsàn má baà jìnnà sí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kí àwọn tó bá aláìsàn wá sì rí ibòji jókòó sí. Ẹni tó bá ti sun ilé ìwòsàn rí nítorí ìyá tàbí ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé ibòji àti afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Gánà tó ń jẹ́ Hive Earth ń fi ilẹ̀ pupa ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà tó yàtọ̀ díẹ̀ sí atakpame. Wọ́n á da ilẹ̀ tí kò tutù jù sáàárín pákó méjì, wọ́n á kì í mọ́lẹ̀ pinpin, wọ́n á tún da òmíràn lé e. Bí wọ́n bá tú pákó kúrò, ìlà-ìlà ni ògiri náà ń rí, pupa lórí ràkọ̀ràkọ̀, bí aṣọ òfì tí wọ́n hun sórí ara wọn. Kò nílò ọ̀dà, kò sì nílò kí wọ́n rẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, àwọn ilé tí a ti dárúkọ wọ̀nyí kéré lójú ìlú. Agbo ilé tí yàrá yí àgbàlá ká ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìdílé ní Gánà ń gbé. Ní Accra New Town, tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nígbà tí àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, kí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn kúrò nílẹ̀ Gánà, ẹbí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lè máa gbé yí àgbàlá kan ká. Bí ọmọ onílé bá ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń kọ́ yàrá kún un, títí àgbàlá yóò fi ku ọ̀nà tóóró. Bí àgbàlá bá ti tán, afẹ́fẹ́ ti tán nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ilé tó tutù ní Accra kò lè kọjá àwọn agbo ilé wọ̀nyí sílẹ̀ kó máa wá ilé ńláńlá bíi One Airport Square kiri. Páànù òrùlé tí wọ́n kùn ní funfun, igi dóńgóyárò kan láàárín àgbàlá, fèrèsé kejì lára ògiri ẹ̀yìn: owó tí èyí ń ná kò tó ti ẹ̀rọ amúlétutù kan pẹ̀lú owó iná rẹ̀ fún ọdún mélòó kan.

Omi ló tún kù. Odò Odaw ń ti àríwá ìlú ṣàn wá, ó ń gba Alájo kọjá, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ Kwame Nkrumah Circle, ó ń gba Agbogbloshie, kó tó wọ ọ̀sà Korle, kó tó wá bọ́ sínú òkun. Lójú àwọn Ga, òrìṣà ni Korle, ó ní ìdílé tó ń bọ ọ́ àti àwòrò tirẹ̀. Yorùbá tó mọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo yóò mọ ohun tí irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún bèbè odò: kò sẹ́ni tó ń kọ́lé sí ojúbọ. Nígbà tí èèwọ̀ kò lágbára mọ́ tí òfin ìjọba kò sì tíì le, ilé rọ́ wọ bèbè. Ike, ọ̀rá omi àti àkísà aṣọ òkìrìkà tó ń ti ọjà Kantamanto jáde dí gọ́tà.

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní í gbà fún un. Lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, Accra kò rí àyè kọ̀ fún un. Òjò rọ̀, omi kún Circle, àwọn èèyàn sì sá wọ ilé epo kan kí wọ́n lè dúró de ìdáwọ́dúró òjò. Epo bá omi léfòó, iná ràn mọ́ ọn. Èèyàn tó lé ní 150 ló kú lálẹ́ yẹn. Ìrántí wọn kò tíì kúrò nílùú, kò sì yẹ kó kúrò.

Bí a bá ṣe ìṣirò ilé kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà á yé wa. Ká ní òrùlé kan gùn ní mítà mẹ́wàá, tó sì fẹ̀ ní mítà mẹ́wàá. Òjò ńlá kan tó bá rọ̀ ní 100 mìlímítà á da lítà 10,000 sórí rẹ̀. Bí ilé náà bá ní ilẹ̀ gbalasa tó ní koríko àti igi, ilẹ̀ á mu púpọ̀ nínú rẹ̀, ìyókù á máa rọra lọ. Ṣùgbọ́n àṣà tuntun ni pé kí onílé fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá, láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, kó má baà rí ẹrẹ̀. Ó mọ́ lójú lóòótọ́. Omi kò sì ní ibì kankan tó máa wọ̀ mọ́, gbogbo lítà 10,000 á jáde sí gọ́tà láàárín wákàtí kan. Ẹgbẹ̀rún ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò kan, lítà mílíọ̀nù mẹ́wàá. Gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí ilé kò ju ọgọ́rùn-ún lọ ló ń retí rẹ̀. Íńtálọ́ọ̀kì náà sì ń gba ooru sára lọ́sàn-án, ó ń tú u jáde lóru. Ibi tí ooru àti àgbàrá ti pàdé nìyẹn: ilẹ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ kò lè tutù, kò sì lè mumi.

Ìdí nìyí tí ariwo fi pọ̀ ní 2022 lórí igbó Achimota. Ọdún 1930 ni ìjọba ti ya igbó náà sọ́tọ̀, òun sì ni igbó ńlá tó ṣẹ́kù láàárín ìlú. Nígbà tí ìjọba gbé òfin jáde ní 2022 pé apá kan nínú rẹ̀ kò ní í jẹ́ igbó ọba mọ́, àwọn ará ìlú faraya. Ẹbí tó ni ilẹ̀ náà látijọ́ ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti sọ, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò sí owó ilẹ̀ tó lè ra ohun tí igi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń ṣe fún ìlú olóoru. Bákan náà ni ọ̀sà Sakumo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tema. Ní 1992 ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ Ramsar, ti àwọn àbàtà tó ṣe pàtàkì lágbàáyé. Àbàtà ni ìlú fi ń gba omi dúró kó tó lọ sókun, bíi kànrìnkàn. Ilé sì ń wọ inú rẹ̀ lọ́dọọdún, pẹ̀lú ògiri, pẹ̀lú géètì.

Ìjọba kò jókòó lásán. Láti 2019 ni ètò GARID, tí Báńkì Àgbáyé fi dọ́là mílíọ̀nù 200 bẹ̀rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ lórí agbègbè odò Odaw: wọ́n ń wa ẹrẹ̀ inú odò, wọ́n ń tún gọ́tà ṣe. Ìwé òfin ìkọ́lé tuntun ti Gánà náà jáde ní 2018. Iṣẹ́ tó dára ni. Ẹrẹ̀ tí wọ́n bá wà lónìí yóò sì padà wá bí àwọn tó ń gbé lókè odò bá ń da ilẹ̀ àti ike sínú omi, bí ilé kọ̀ọ̀kan bá sì ń ti omi tirẹ̀ síta bí ẹni tó ń ti àlejò burúkú.

Nínú agbo ilé tó bá ní gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ páànù òrùlé àti táńkì dúdú kan ní igun àgbàlá, ìró òjò yàtọ̀. Omi á kọ́kọ́ fọ eruku orí páànù, wọ́n á jẹ́ kí ìyẹn dànù; lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí páìpù síbi táńkì. Àwọn obìnrin á kó báséènì jáde kí wọ́n má baà pàdánù èyí tó ń kán létí òrùlé. Ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e, wọ́n á fi omi náà fọ aṣọ, wọ́n á fi bomi rin ẹ̀fọ́ àti igi ọsàn tó wà lẹ́bàá ògiri, níbi tí wọn kò tíì tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì sí. Omi yẹn kò dé Circle.